Ta Ni Yóò Dúńbú Àgbò Ilé Wa?

"Nímọ́tà! Nímọ́tà o! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òrí ni wọ́n fi dí ọ létí ni? Gbé gègé rẹ jáde wá sídìí ààrò níhìn-ín, a fẹ́ kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sì kọ ọ́ bí mo bá ṣe wí i, má fi kún un, má yọ níbẹ̀, ìwọ kọ́ ni mọ̀láíkà tó ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá! Háà! Ẹ lé àgbò yẹn kúrò nídìí ọkà mi o!"

Bí ìyá mi ṣe pariwo rẹ̀ nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ ọ́ nìyẹn, títí kan ti àgbò. Inú mi kò dùn láti àárọ̀, n kò sì mọ ohun tó fà á. Inú ìwé sùkúù mi àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, nítorí ìyá mi máa ń pa ọ̀rọ̀ dà. Tó bá yá, n óò dà á kọ sórí bébà tó mọ́, n óò sì fo gbogbo ibi tó jẹ́ tèmi. Kíláàsì kejì ni mo kà dé kí bàbá wa tó kú, nítorí náà bí mo bá ṣi nǹkan kọ, bó ṣe mọ nìyẹn.

Ó yá, ìyá mi ti jókòó, wọ́n ti wú ikọ́.

Sí Mùsbáù, Àlàó, àkọ́bí mi ní Kùmásì. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àìrí ara wa, mo kí ọ kú eruku, mo kí ọ kú ariwo ọkọ̀, mo sì kí ọ kú gbogbo ohun tó ń ṣe ọ́ níbẹ̀ tí o kò sọ fún mi. Ọlọ́run Ọba tó mú ọ gba odò Yéjì kọjá tí ọkọ̀ ojú omi kò fi dà ọ́ nù, Òun ni yóò máa gbé ọ kọjá ohun tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ń jẹun, egungun kò ní há ọ lọ́fun. Bí o bá ń sùn, òrùlé kò ní jò sí ọ lójú. Ọ̀gá rẹ kò ní rí àléébù rẹ, bó bá tilẹ̀ rí i, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà á sọ. Ṣe àmín. Bí o kò bá tilẹ̀ gbàgbọ́, ṣe é bẹ́ẹ̀, àmín kì í wúwo lẹ́nu.

Bí o bá fẹ́ mọ bí a ṣe wà, a wà, a dúpẹ́. Òjò ti jẹ díẹ̀ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Adìyẹ funfun tí o rà fún mi ti pamọ, àṣá sì ti gbé díẹ̀ nínú wọn lọ sí àdúgbò Changli, bóyá níbẹ̀ ni àwọn àṣá ti ń ṣọdún tiwọn. Nímọ́tà àbúrò rẹ wà, ó ń fajú ro kiri bí ẹni tí wọ́n jẹ ẹran rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí. Ọmọ tó bá ní kò sí, ó wà. Kọ ọ́, Nímọ́tà, mo ní kí o kọ gbogbo rẹ̀.

A ti ra àgbò. Ará abúlé Kpalsi kan ló tà á fún wa. Funfun ni, ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni tó lé tìróò, kò sì sí ohun tí kì í jẹ. Ó ti jẹ igbá, ó ti jẹ etí ẹní ìkírun mi, lánàá ó jẹ ìdí láwàní tí Alfa Àbdùsàlámì fi kọ́ sórí igi dóńgóyárò nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Mo fẹ́ fi igi lé e lórí, Alfa ní kí n fi í sílẹ̀, ẹran tó bá ti jẹ láwàní ti di ẹran Ọlọ́run tán. Ọlọ́kàn rere ni ọkùnrin yẹn. Gbogbo ọdún tó ti fi ń kọ́ àwa ará àdúgbò Sabonjida ní kéwú láti ìgbà tó ti ti Ìlọrin dé, mi ò gbọ́ kó bú ẹnikẹ́ni rí.

Ọ̀rọ̀ àgbò yìí náà ló gbé ìwé jáde. Láti ìgbà tí a ti kó láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Tamale níhìn-ín, ọwọ́ bàbá rẹ ló ń di ọ̀bẹ mú nínú ilé yìí ní gbogbo Iléyá. Bàbá rẹ ti lọ, Ọlọ́run kó fi àlùjánńà kẹ́ ẹ. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ni ọkùnrin ilé, ìwọ ni ọ̀bẹ kàn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò rí ohun tí o ṣe ní yídì ní Iléyá èṣí. Gbogbo ọkùnrin tò sẹ́yìn Lèmọ́mù, ìwọ lọ jókòó ti àwọn bàtà! Mo rí ọ láti ìlà àwa obìnrin. Ìwọ àti Ìgè tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Ìgè tí kò kírun rí láti ọjọ́ tó ti fi ẹsẹ̀ wá sáyé. Ẹ̀yin méjèèjì jókòó sáàárín bàtà bí ẹni tó pàtẹ rẹ̀, ẹ sì ń jẹ obì. Mo kọ́kọ́ rò pé inú ló ń run ọ́. Nígbà tí Alfa bi ọ́ lẹ́yìn ìrun, o ní inú kò run ọ́, o ní bí o bá forí kanlẹ̀, o kì í bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọmọ mi, ta ni o fẹ́ bá nínú iyanrìn?

Èmi Nímọ́tà náà wà ní yídì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo wà. Bí mo bá forí kanlẹ̀, mo máa ń pẹ́ níbẹ̀, mo máa ń fetí sílẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí ìyá mi, mo ń gbọ́ òórùn òrí lára obìnrin tó wà níwájú, èèrà kan á kọjá. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́. Ìyá mi á ti máa sunkún ayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá jókòó ti bàtà, gbogbo ayé á rí i, wọn á máa fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Èmi wà láàárín ìlà, bí wọ́n bá dìde mo dìde, bí wọ́n bá tẹ̀ mo tẹ̀, ta ni yóò rí mi?

Mo sì gba ààwẹ̀ tó kọjá tán láìjẹ ọ̀kan, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pe ìyẹn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé mo fẹ́ràn ọdún ju gbogbo wọn lọ. Mo fẹ́ràn làálì lọ́wọ́, mo fẹ́ràn òórùn ẹran sísun. Bí àwọn ọkùnrin bá ń bọ̀ lójú títì tí wọ́n ń pe Alláhù Ákíbárù bọ̀ ní ohùn kan, ara mi á bù máṣọ, omi á lé sí mi lójú. N óò bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ, n kò ní bá Ẹni tí wọ́n ń pè. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pe èèyàn síbi àsè, tó jẹ, tó yó, tó wá onílé títí kó lè dúpẹ́, tí kò rí i.

Ìyá mi ní kí ni mò ń kọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn ti dákẹ́ tipẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ iyanrìn ni. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ dáadáa, ibẹ̀ ṣe pàtàkì.

Mùsbáù, Alfa ní bí ẹni tí kò gbàgbọ́ bá fi ọ̀bẹ kan ọrùn ẹran, ẹran náà di òkúǹbete, ajá ló ni ín. Àgbò odidi! Tó ti jẹ láwàní! Nítorí náà mo rò ó pé kí a tètè wá nǹkan ṣe sí i kí ọdún tó kò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ná. Mo lọ sí ilé oògùn ìjọba. Mo sọ fún ọkùnrin tó ń fún èèyàn lóògùn níbẹ̀ pé ọmọ mi ni kò gbàgbọ́ mọ́, pé ṣé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dé. Ó ní báwo ló ṣe ń ṣe é. Mo ní ó ń jókòó ti bàtà. Ó wò mí títí, ó ní ṣé kì í ṣe èmi gan-an ni ara mi kò yá. Ló bá mú igi díńgí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi fàdákà wà nínú rẹ̀, ó fi há mi lábẹ́ apá. Mo ti mọ̀ pé wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Mo ń ka Fátíyà nínú. Nígbà tó yọ ọ́, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní ó dára, bó ṣe yẹ kó wà gan-an ló wà, kò lé, kò dín. Mo ní Alihamudulillahi! Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo gbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó dára kí ìjọba náà mọ̀.

Gbọ́ èyí tó dùn níbẹ̀. Ìgè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fi aṣọ borí, ó ń gbọ̀n bí ewé. Wọ́n ti díńgí kan náà bọ̀ ọ́ lábẹ́ apá, ọkùnrin náà wò ó, ó ké háà, ó ní èyí ti kọjá ààlà. Mo wo Ìgè, Ìgè wò mí. Mo ní, Ìgè, wọ́n ti rí ọ. Ó ní ibà ni. Mo ní bí wọ́n ṣe máa ń pè é nìyẹn. Wọ́n fún un ní oògùn kíkorò kan, ó ń mu ún, ó ń bú ìyá ẹni tó ṣe é. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, wọ́n ní ó ti wálẹ̀. Ó ti wálẹ̀, Mùsbáù! Ó kù kó bẹ̀rẹ̀ sí í kírun, mo ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, lọ sí ti Kùmásì. Ìlú ńlá ni, díńgí tiwọn á gùn ju tiwa lọ. Jẹ́ kí wọ́n há a fún ọ, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́, kí Alfa fi wé tèmi.

Má sì rò pé ayé rọrùn fún ẹni tí kò gbàgbọ́ o. Wo ojú Ìgè nínú ààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dáná lọ́sàn-án ní gbogbo Sabonjida, ó di Kpalsi kó tó rí tùwó jẹ, ẹsẹ̀ ló sì ń fi rìn ín, nítorí gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú rẹ̀, kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ni. Kó tó rìn dé ilé padà, ebi á tún ti dé. Ó ní àwa tí a ń gbààwẹ̀ là ń sùn sábẹ́ igi, òun tí kò gbà á ni oòrùn ń pa. Ó wá gbẹ, ó rù ju Alfa lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó pe ìrun, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní òun wá bá wa ṣínu. Alfa bi í pé ààwẹ̀ wo ló gbà. Ó ní ààwẹ̀ Kpalsi. Alfa rẹ́rìn-ín títí omi ṣe é lójú, ó bu ògì fún un fúnra rẹ̀. Bó bá sì di ọdún, gbogbo ilé ló ń gbé ẹran fún un, wọ́n ní bóyá ẹran á fà á wọlé. Ìgè ní òun kò lè gbàgbọ́ báyìí, ẹran á dín.

Àwòrán rẹ tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. O sanra. O kò dé fìlà. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì kí ìwọ náà lè bá mi kírun. Alfa bá wa níbẹ̀, ó ní ọkùnrin kì í tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin. Mo gbé e síwájú. Alfa tún ké, ó ní a kì í forí balẹ̀ fún àwòrán. Mo wá gbé ọ sí yàrá kejì, ìwọ nìkan, ojú rẹ sí gábàsì, ibẹ̀ lo ti ń kí tìrẹ báyìí, o kò pa ọ̀kan jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ ní Kùmásì pé o kì í kírun, sọ fún un pé èyí tó wà ní Tamale ń kí i.

Wáyà rẹ náà dé. Nímọ́tà kà á fún mi, ó ní o ní ò ń bọ̀, o kò ní dúńbú àgbò. Mo ní, ó kù? Ó ní ó tán. Mo ní kò lè tán, ìkíni dà? Mo gba posófíìsì lọ, mo fi Háúsá bi akọ̀wé pé níbo ni ìkíni ọmọ mi wà. Ó ní bí ènìyàn bá fi wáyà ránṣẹ́, ó ń sanwó lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ní haba, ẹ kú ilé ló wá wọ́n? Mo ní kó jọ̀ọ́ kó wo ojú okùn náà, bóyá ẹ kú ilé ti há sórí òpó kan lọ́nà. Ó jáde, ó gbójú sókè, ó ní bó bá bọ́, òun á gbé e wá. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.

Ṣùgbọ́n èyí tó kù kò bá mi lára mu, Mùsbáù. O kò ní dúńbú. Mo gbé e tọ Alfa lọ. Mo ní ṣé kò wá lè gbàgbọ́ láti ìgbà tó bá gbé ọ̀bẹ dé ìgbà tó bá jù ú sílẹ̀. Alfa ní ìgbàgbọ́ kì í ṣe aṣọ àyálò. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ wá bá wa dúńbú. Ó ní ilé opó tí kò ní ọmọkùnrin ni òun ń lọ dúńbú fún, ilé tó bá ní géńdé ọmọkùnrin kì í bá irú opó bẹ́ẹ̀ du ọwọ́ òun. Òótọ́ ló sọ. Bí o bá wà nílé tí Alfa sì wá di ọ̀bẹ mú, mi ò ní lè gbójú sókè lọ́jà. Bí o kò bá sì wá nítorí ọ̀bẹ, mi ò ní lè gbójú sókè nínú yàrá mi. Ọdún àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ kò ní sí níbẹ̀ rèé.

Mo wá bi Alfa pé kí ló wà nínú ìwé gan-an. Ó ṣí i, ó tún ṣí i, ó fọwọ́ gba irùngbọ̀n. Ó ní kì í ṣe àṣà wa o, kí a má sì sọ ọ́ dàṣà, ṣùgbọ́n nínú ìwé, bí obìnrin bá gbàgbọ́, tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé, ohun tó bá dúńbú, halaali ni. Mo ní ó tán, èmi rèé, ìjọba ti wọ̀n mí. Ó ní ọwọ́ mi ń gbọ̀n láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ẹran kò sì gbọdọ̀ jìyà. Mo ní Nímọ́tà ń kọ́? Ojú Alfa là. Ó ní háà, Nímọ́tà! Ó ní nínú gbogbo ọmọ tó ń wá sí ilé kéwú òun, òun kò tíì rí èyí tó ń fọkàn kírun bí i, pé bó bá forí kanlẹ̀, gbogbo wọn á ti gbórí sókè, Nímọ́tà á ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ti tán, ọmọ mi. Nímọ́tà ni yóò dúńbú. Ìwọ sáà wá, kí o di ẹsẹ̀ àgbò mú. Ẹsẹ̀ dídìmú kò gba ìgbàgbọ́. Mo bi Alfa, ó ní kò sí níbi kankan nínú ìwé.

Nímọ́tà, kí ló dé tí o dáwọ́ dúró? Kọ ọ́. Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i.

Mo kọ ọ́. Tàdáwà kán sórí orúkọ mi, mo fi ìka nù ún, ó tún wá burú sí i.

Bí o bá ń bọ̀, jọ̀ọ́, mú ọ̀bẹ tó mú dání, ọ̀bẹ bàbá rẹ ti kú, kò gé nǹkan mọ́. Ra ṣúgà oníhóró. Ra aṣọ fún àbúrò rẹ, nítorí ẹni tó fẹ́ dúńbú fún odidi ilé kò gbọdọ̀ wọ àkísà jáde. Owó ògiri wà níbẹ̀, owó iyọ̀ wà níbẹ̀, owó láwàní Alfa náà wà níbẹ̀, kò béèrè rẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe ń wo ìdí rẹ̀. Mi ò dá iye kan lé ọ, ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ni mo fẹ́, àfi kí ọwọ́ rẹ ká èyí tó pọ̀. Kí o sì dé fìlà. Jókòó sáàárín ọkọ̀, má jókòó sẹ́yìn. Ọlọ́run tí o kò bá nínú iyanrìn yóò bá ọ nínú ọkọ̀, yóò jókòó tì ọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi, ojú mi yóò sì rí ọ kó tó rí òkùnkùn. Èmi ni ìyá rẹ, Wúlẹ̀mọ̀tù, tí kò sùn.

Wọ́n ti dìde. Wọ́n ní kí n dà á kọ kó mọ́, kí n má jẹ́ kí tàdáwà kán mọ́. Wọ́n ń kọrin lọ sídìí àgbò, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ fún un pé ọwọ́ tó mọ́ ni yóò kàn án. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, n kò gbọ́ kí wọ́n kọrin rí.

Mo lè pè wọ́n nísinsìnyí. Ẹnu mi kò dùn mí. Mo lè ní, Ìyá, ẹ dúró, kì í ṣe èmi ni ẹ ń wá. Orin yẹn á dúró. Wọn á ní kí n fa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àgbò yẹn ya, ẹ̀gbọ́n mi kò sì ní rí ọ̀nà kankan gbà wọlé mọ́. Mo rò ó títí tàdáwà fi gbẹ lẹ́nu gègé. Bí kò bá sí Ẹni tó ń gbọ́, a jẹ́ pé òkúǹbete kò sí, ẹran ni ẹran. Bí Ó bá sì wà, Ó ti mọ̀ pé mo máa ń pẹ́ nílẹ̀ nítorí Òun ni, kò ní tìtorí mi ba ẹran jẹ́ mọ́ ìyá mi lẹ́nu.

N óò dúńbú rẹ̀. N óò pe orúkọ Rẹ̀ kó dún dé ojú títì, ọwọ́ mi kò sì ní gbọ̀n. N kò ní sọ fún ìyá mi, n kò ní sọ fún Alfa, n kò sì ní sọ fún ẹ̀gbọ́n mi tí yóò dọ̀bálẹ̀ di ẹsẹ̀ àgbò mú níwájú mi, tí yóò máa wò mí, tí yóò máa rò pé nínú ilé wa, òun nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni nínú iyanrìn.